Táyà Méjì Ẹ̀yìn

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2024, Svilen Chakarov kú ní Burgas, ní etí òkun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Òun ni ọkọ Nevena, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ènìyàn mẹ́rin ló sin ín, kò sì sí ẹbí kankan nínú wọn. Èmi ò lọ. Ralitsa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò lọ, nítorí pé èmi ni mo kọ́ ọ láti kórìíra rẹ̀.

Ó tó kí n sọ òtítọ́ wàyí. Ọdún méje gbáko ni mo fi ń sọ fún gbogbo abúlé wa pé Svilen ló pa Nevena, pé eré ló sá sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Rozhen nínú yìnyín. Mo sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ níbi tí a ti ń mutí, mo sì búra sí i ní kóòtù. Irọ́ ni. Táyà méjì tí èmi fúnra mi fi sílẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò náà ló pa ọmọ mi. Ìyẹn nìkan sì kọ́ ni ohun tó burú jù nínú ohun tí mo ṣe.

Stamen ni orúkọ mi. Iṣẹ́ fọkanáísà ni mo ṣe láti ìgbà tí mo ti dé láti ẹnu iṣẹ́ ológun. Ẹ̀bá ọ̀nà nísàlẹ̀ abúlé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Tí oṣù kọkànlá bá ti dé, gbogbo onímọ́tò àgbègbè wa á tò síbẹ̀ kí n bá wọn tú táyà ìgbà ooru, kí n de ti ìgbà yìnyín. Èyí tí mo bá tú, màá fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ olówó rẹ̀ sí i, màá kó o sínú àká dìgbà tí yìnyín bá yọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má gbè mí lẹ́yìn pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé rọ́bà táyà ìgbà ooru máa ń gan bí igi nígbà tí òtútù bá mú, pé kò sì lè di ọ̀nà mú mọ́. Mo mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, Nevena àti Svilen ra mọ́tò kan, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní jíìpù. Ó ga, ikùn rẹ̀ jìnnà sílẹ̀, àmọ́ jíìpù gan-an kọ́. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà á, àfi tí ìyẹn bá ń yọ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa ń dá sí i. Wọ́n gbé e wá bá mi ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Mo ti ra táyà yìnyín tuntun mẹ́rin sílẹ̀ dè wọ́n. Mo de méjì síwájú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti jáàkì lọ sẹ́yìn ni Dobri, aládùúgbò mi, pè mí láti orí ọgbà. Ìgbà tí à ń pa ẹlẹ́dẹ̀ Kérésìmesì ni, èmi ni mo sì máa ń di ọ̀bẹ mú lọ́dọọdún.

“Bàbá Nevena,” Dobri ní, “ẹlẹ́dẹ̀ yìí ń retí ẹ o. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn pa òun.”

Mo ju sípánà sílẹ̀. Svilen tẹ̀lé mi dé ẹnu ọgbà. Ó rọra sọ̀rọ̀, bó ti máa ń ṣe. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ò ní parí méjì tó kù ná? Orí òkè la máa gbà padà sílé.”

Àwọn ọkùnrin ti pé sí àgbàlá Dobri, ìgò ọtí rakia ti ń yí ká. Gbogbo wọn ń wò wá. Mo ní, “Ìwọ ọmọ etí òkun yìí, kí lo mọ̀ nípa yìnyín? Ṣé ẹja ló kọ́ ẹ ní mọ́tò wíwà ni? Jíìpù lo rà. Iwájú ló ń fà á, iwájú sì ti wọ bàtà tuntun.”

“Ẹ yá a ní súwẹ́tà,” Dobri ní, “kó fi bo ẹ̀yìn mọ́tò ẹ̀, kí òtútù má mú un.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ojú Svilen pọ́n. Àna wo ló máa bá bàbá ìyàwó ẹ̀ jà lójú àwọn àgbààgbà? Nevena ló sọ̀rọ̀ láti inú mọ́tò. “Ó dáa, Bàbá. Tó bá di Mọ́ńdè, màá dá gbé e wá.” Mo ní kó gbé e wá.

Kò lè wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn torí iṣẹ́. Ó pè mí lórí fóònù lẹ́yìn ìyẹn, ó tún pè. Àwọn àlejò tó ń lọ ṣeré lórí yìnyín ti kún ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn, mo sì ti sọ ọ̀rọ̀ jíìpù yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí èmi fúnra mi ti gbà á gbọ́. Mo ní, “Jẹ́ kí ọdún kọjá. Tó o bá ń sọ̀kalẹ̀, lo jíà kékeré, má tẹ bíréèkì lójijì.” Ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá.” Báwọn táyà tuntun méjì yòókù ṣe wà lórí pẹpẹ nìyẹn, tí mò ń kọjá lára wọn láàárọ̀ lálẹ́.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní, wọ́n ń bọ̀ láti ilé wọn ní Smolyan wá mú Ralitsa, tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Yìnyín ti bọ́ láti òwúrọ̀. Mọ́tò náà gun òkè wẹ́rẹ́, nítorí pé iwájú ń di ọ̀nà mú dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni ikú wà. Ká ní táyà ooru ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mọ́tò ì bá kọ̀ nísàlẹ̀, wọn ì bá sì padà sílé wọn. Táyà tí mo dè síwájú ló gbé wọn dé orí òkè. Nígbà tí wọ́n wá ń sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n dé kọ́nà, Svilen gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná bí ẹnikẹ́ni tó gbọ́n ṣe máa ṣe. Iwájú dúró, ẹ̀yìn ò dúró. Ẹ̀yìn yí wá síwájú, mọ́tò fi ẹ̀gbẹ́ sáré wọ inú igbó, ẹ̀gbẹ́ tí Nevena jókòó sí ló sì kọlu igi. Kò mí mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé bá wọn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e wá sílé mi. Àwọn obìnrin ń wẹ̀ ẹ́ nínú yàrá tí ìyá rẹ̀ bí i sí, ìyá tó ti kú ṣáájú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ò rí èyí. Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé ayẹ̀mọ́tòwò ń bọ̀ láti ìlú lọ́la. Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ lọ yá àga. Mo fi òkú ọmọ mi sílẹ̀ nílẹ̀, mo mú sípánà àti jáàkì, mo lọ sí ọgbà Mincho, ọ̀rẹ́ mi tó máa ń wọ́ mọ́tò tó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, níbi tí mọ́tò wọn wà.

Mincho bọ́ fìlà nígbà tó rí mi. “Bàbá Nevena, má wò ó. Kò yẹ kí bàbá wò ó.” Ìgbà tó yá ló rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wo táyà ẹ̀yìn mọ́tò náà, ó tún wò mí. “Mo fẹ́ lọ se kọfí,” ó ní. “Kọfí mi máa ń pẹ́ jinná. Mi ò rí ẹ lónìí o.”

Mo tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, mo gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo bọ́ táyà ooru kúrò lára ríìmù, mo de àwọn tuntun tó wà lórí pẹpẹ. Táyà tuntun máa ń ní irun rọ́bà tín-ín-tín lára, ọ̀nà ló máa ń jẹ ẹ́ tán. Mo fi abẹ fá irun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo po eérú mọ́ ẹrẹ̀, mo fi ra wọ́n. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ kankan tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n kọ́ ló ń bà mí. Ká ní ó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ì bá dùn mọ́ mi nínú láti sọ ọ́. Ohun tí mi ò lè fara dà ni kí Dobri àti àwọn yòókù mọ̀ pé ọmọ etí òkun ló sọ òótọ́, pé Stamen ni kò mọ yìnyín. Mo dá ẹsẹ̀ mọ́tò padà, mo sì yá àga lọ sílé.

Ọkùnrin tó wá láti ìlú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ìdí mọ́tò, ó fi àtàǹpàkò wọn ìjìnlẹ̀ ojú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. “Táyà yìí dára,” ó ní. “Eré ló sá.”

Ohun tó burú jù ló kù. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ wo Svilen ní ọsibítù. Wọ́n fi báńdéèjì wé orí rẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́. Ó ní kí n sún mọ́ òun.

“Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ohun kan ń yọ mí lẹ́nu. Ó ń ṣe mí bíi pé méjì ẹ̀yìn yẹn, a ò ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá sọ fún mi pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jẹ́ tuntun. Orí mi ò pé, mi ò rántí nǹkan mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀. Ṣé ẹ parí ẹ̀?”

Kò fura sí mi. Ká ní ó fura, bóyá ǹ bá ti ṣubú sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń bi mí bí ọmọ ṣe ń bi bàbá rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, “Mo parí ẹ̀. Nevena dá gbé e wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. O ò rántí?”

“Ó sọ pé òun á gbé e wá. Ìyẹn ni mo rántí.”

“Ó gbé e wá. Ìwọ lo sáré, Svilen.”

Ó yí ojú sí ògiri. “A jẹ́ pé èmi ni,” ó ní.

Láti ọjọ́ yẹn kò jiyàn mọ́. Lọ́yà rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ ní kóòtù pé kó sọ̀rọ̀, ó ní òun sáré, òun jẹ̀bi. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Nígbà tó jáde, ó wá sí abúlé wa láti rí ọmọ rẹ̀. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú bàtà rẹ̀, Ralitsa sì ń wò wá láti ojú fèrèsé. Svilen fi ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀. “Ẹ ṣé tí ẹ ń tọ́ ọ, Bàbá,” ó ní, ó sì yí padà. Mi ò rí i mọ́.

Lẹ́yìn ikú Svilen, lọ́jọ́ Àìkú ìdáríjì, kí ààwẹ̀ ńlá tó bẹ̀rẹ̀, Ralitsa wá láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Plovdiv. Ó ti di géńdé obìnrin. Ó gbé àdídùn halva kalẹ̀ lórí tábìlì, ó kúnlẹ̀ bí àwọn èwe wa ti máa ń ṣe lọ́jọ́ yẹn, ó na ọwọ́ láti mú ọwọ́ mi kó fi ẹnu kò ó. “Ẹ dárí jì mí, Bàbá àgbà.”

Ohun tó kù ni kí n fèsì pé mo ti dárí jì ọ́. Mo fa ọwọ́ mi padà.

“Ẹ̀yin náà, ẹ kì í jẹ́ kí nǹkan rọrùn,” ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. “Mo mọ̀ pé mi ò pè yín lórí fóònù. Ẹ ṣáà dárí jì mí ká jẹun.”

Mo ní kó dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti sọ ọ́ níbí. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Bàbá mi mọ̀?”

“Kò mọ̀. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun ni.”

“Ó pè mí lọ́dún tó kọjá. Mo ní kó má pè mí mọ́. Mo ní, apànìyàn ni ẹ́.” Ohùn rẹ̀ ò yí padà. “Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu.”

“Èmi ni.” Èmi tí mo jẹ́ àgbà wá kúnlẹ̀, mo ní kó dárí jì mí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí wọ́n bá bẹ̀ kì í kọ̀. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kọ̀ ní abúlé wa. Ralitsa wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú fún ìgbà díẹ̀. Ó jáde.

Mo lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ gbọ́ mi dópin, ó ní ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́ ti kú, Mincho náà ti kú, ta ni òun fẹ́ bi. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn, kí ẹni tó bá kà á kà á fún ẹlòmíràn. Kí orúkọ Svilen mọ́, bí kò tilẹ̀ wúlò fún un mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń wa mọ́tò gíga, jíìpù tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin gun òkè kò ní ohunkóhun tó fi ń dúró ju táyà rẹ̀ lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ dè, tàbí kí ẹ jókòó sílé. Tí àgbà kan bá sì fi yín rẹ́rìn-ín níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ bá a jiyàn. Mo bẹ̀ yín. Mi ò retí ìdáríjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹni tó ni ín ti lọ.

Ralitsa lọ sí Burgas láti kó ẹrù bàbá rẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù láti yàrá náà. Kò kí mi. Ó ní òun fẹ́ kí n mọ ohun tó fi sílẹ̀, ó kà á fún mi, ó sì pa fóònù:

Bàtà rọ́bà kan, èyí tó máa ń wọ̀ tó bá ń kun ọkọ̀ ojú omi ní ọ̀dà.
Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tí ó fi ọ̀rá wé.
Ṣẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan kò ní bọ́tìnnì lọ́rùn.
Kẹ́tùlù tí kò ní ìdérí.
Bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun kan.
Oyin ìdajì ìgò.
Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí wọ́n dá padà fún un nígbà tí ó jáde lẹ́wọ̀n, nínú àpò ìwé tí kò ṣí rí.
Fóònù kan. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ti ọmọ rẹ̀.