Orúkọ Tí Mo Yọ Nínú Ìwé Bùkọ́lá

Ìwé ni mo bẹ̀rù. Kì í ṣe ejò, kì í ṣe olè, ìwé ìtàn lásán ni. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jù, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ohun tó mú mi sọ ọ́ nísinsìnyí ni àkàrà tí mo rà ní ọjà Igbóna lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí lára bébà tí wọ́n fi wé e.

Bùkọ́lá lorúkọ ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bí i. Yunifásítì tí mo ti ń ṣe pọ́tà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin lòun náà ń lọ. Ó kọ ìtàn kan nípa irú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀: wọ́n pa pọ́tà kan, wọn ò mọ ẹni tó pa á, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wá ń tọpasẹ̀ apànìyàn náà. Inú ìwé ìkọ̀wé mẹ́rin ló kọ ọ́ sí. Ó ní kí n bá òun gbé e lọ fún onítẹ̀wé ní Òkè-Fìà, nítorí òun ń ṣe ìdánwò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ máa bá orúkọ yín pàdé níbẹ̀ o."

Mo bá a pàdé lóòótọ́. Gbóyè, pọ́tà tó máa ń jẹ orógbó, tó ń gbọ́ rédíò tí wọ́n fi rọ́bà dè. Kí n tó ṣí ewé mẹ́wàá, wọ́n ti bá Gbóyè nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ti kú.

Inú kẹ̀kẹ́ ni mo wà nígbà tí mo kà á. Mo fọwọ́ kan àyà mi bóyá ó ṣì ń lù. Èmi tí wọ́n ní kí n máa lé olè o. Wọ́n ní ohun tí èèyàn bá fẹnu sọ lè ṣẹ, ká má tíì wá sọ èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ní igba ẹ̀dà. Mo dé ọ̀dọ̀ onítẹ̀wé, mo sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé ẹni tó ni ìwé ní kí wọ́n pààrọ̀ Gbóyè. Ó bi mí pé kí ni kí òun fi rọ́pò rẹ̀. Orúkọ tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu ni Fọlọ́runṣọ́.

Fọlọ́runṣọ́ ni pọ́tà ẹlẹgbẹ́ mi, ará Ọ̀tan-Ilé. Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan náà. N kò bá a jà rí. Ẹ̀rù ló yan orúkọ náà, kì í ṣe èmi. Àbí èmi náà ni? Mi ò mọ̀.

Ìwé jáde, àmọ́ ìdánwò kò jẹ́ kí Bùkọ́lá ráyè kà á. Kò pé oṣù kan, Fọlọ́runṣọ́ yọ̀ ní àtẹ̀gùn họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ìwé náà lọ bá àwọn ẹbí wa ní Iléṣà. Wọ́n pe Bùkọ́lá jókòó lẹ́yìn ìsìn, wọ́n bi í pé kí ni ọkùnrin náà fi ṣe é. Ó ní Gbóyè lòun kọ. Wọ́n pe onítẹ̀wé lórí fóònù, ó ní ohun tí wọ́n gbé wá fáwọn làwọn tẹ̀. Gbogbo wọn wá kọjú sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Gbóyè, ìwọ lo gbé e lọ. Orúkọ ta lo rí níbẹ̀?"

Mo ní Fọlọ́runṣọ́ ni mo rí. Mo ní bóyá ọmọ náà gbàgbé ni, ìdánwò ti pọ̀ jù lórí ẹ̀. Mo ní onítẹ̀wé ti sọ àwọn ìwé ìkọ̀wé náà nù. Mo sì ti gbà wọ́n padà lọ́wọ́ rẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Ọmọ náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì ohun tí kò ṣe. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé ọwọ́ òun kọ ohun tí orí òun kò rán an. Ìtàn kejì tó ti ń kọ bọ̀, alákàrà ló kó o fún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó, bó ṣe dàrú mọ́ mi lójú kó tó di àná. Tó bá jẹ́ pé ìwé ló ṣẹ́ ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀, a jẹ́ pé èmi ni. Tó bá jẹ́ òjò tó rọ̀ sórí àtẹ̀gùn ni, kí wá ni mo ń sá fún láti ọjọ́ yìí? Ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀? Báwo ni àgbàlagbà ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó ń pè é ní Bọ̀dá mi?

Lánàá, mo lọ jẹ́wọ́ fún Fọlọ́runṣọ́. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo dúró sí kí n lè tètè sáré, ojú mi ò sì kúrò lára ọ̀pá tó fi ń rìn. Kò gbé ọ̀pá. Ó ní:

"Gbóyè, bàtà rọ́bà tó ti jẹ tán nísàlẹ̀ ló ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀, mo sì ti jù ú nù. Ọwọ́ ọmọ yẹn ni ìwọ ṣẹ́. Kó ìwé rẹ̀ kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí o lọ dá ọwọ́ rẹ̀ padà fún un."