Ìdí Mẹ́ta fún Bàbá

Nínú takisí tí ó gbé wa kúrò ní Kugbo lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn olùkọ́ obìnrin méjì jókòó tì mí, èyí tí ó kéré lọ́jọ́ orí sì ń sọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù fún ẹnì kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, àròkọ tí a fi ń yí ènìyàn lọ́kàn padà ni mo ń kọ́ wọn ní praimárì karùn-ún. Mo ní kí kálukú kọ lẹ́tà sí ẹnì kan, pẹ̀lú ìdí mẹ́ta. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ sí bàbá rẹ̀: 'Ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa mọ́.'"

"Kí ni bàbá náà ń wá níbẹ̀?"

"Ó ti kú láti ọdún tó kọjá, mà."

"Kai! O sì gba irú rẹ̀?"

"Mo gbà á. Èrò rẹ̀ tò dáadáa: ẹ̀rù ń ba àbúrò òun, màmá òun kì í sùn mọ́, kò sì sí ẹni tí ó ń bu oúnjẹ bàbá sílẹ̀. Mo ní kí ó ronú sí ohun tí bàbá lè fi takò ó. Ó ní, 'Àǹtí, bàbá mi ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé àwọn ti kú.'"

Gbólóhùn yìí kò tíì kúrò létí mi. Ẹ̀gbọ́n náà bèèrè ibi tí lẹ́tà náà wà.

"Ọmọ náà tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn lánàá. Ó ní bàbá ti kà á, wọ́n sì ti gbà láti lọ sí ibi tí àwọn rí nínú lẹ́tà náà."

"Ọlọ́run ṣeun. Kí ló wá ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Àdírẹ́sì ni, mà. Ti ilé mi ní Galadimawa ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ lójú pátákó. Ọmọ náà dà á kọ sókè lẹ́tà rẹ̀ bó ṣe wà gan-an."