Oríkì Mi Ló Pa Kọ̀ǹpútà Ṣọ́ọ̀bù

Alága ìjókòó yìí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí irun yín ti funfun kí fọ́tò tó ní àwọ̀, mo kí yín. Ìyá mi, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó lè tètè sá tí mo bá sọ ìsọkúsọ, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀gá mi, onífọ́tò tó ń mú kí ẹni tí eyín ń dùn rẹ́rìn-ín, mo kúnlẹ̀, bí sòkòtò yìí bá gbà. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Ọdún méjì ni mo fi kọ́ṣẹ́ níbí kí n tó gba òmìnira lónìí. Nígbà tí mo dé, mi ò mọ ojú kámẹ́rà yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Ta ló là mí lójú? Ọ̀gá ni. Ta ló ń fún mi ní ìdajì oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, tó ń purọ́ pé òun ti yó? Ẹ̀gbọ́n Wáyà ni, tó ń tún àwọn ẹ̀rọ wa ṣe.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ tú àṣírí ara mi. Wọ́n ní irọ́ lè sá fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tèmi ò tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹsẹ̀ ti ń dùn ún.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ńlá kú, tí fọ́tò ìgbéyàwó irínwó bá a lọ? Ọ̀gá ní Ẹ̀gbọ́n Wáyà ló ki nǹkan burúkú bọ̀ ọ́. "Má fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi mọ́!" Látìgbà náà, ọ̀jọ̀gbọ́n wáyà wá di ẹni tó ń fi àlùmọ́gàjí gé etí fọ́tò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni o.

Gbogbo fọ́tò ló ní ọ̀rọ̀ tó sá pamọ́ sínú rẹ̀: ọjọ́ tí a yà á, kámẹ́rà tó yà á, orúkọ ẹni tó yà á. Níbí, kálukú ló ń kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Èmi wo orúkọ mi, mo ní ó kéré. Mo bá kọ oríkì: "Arẹwà tó ya oòrùn, tí oòrùn dijú!" Mo tún un lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ìgbà. Àyè bí ife kan péré ni sọ́fútíwíà tó ń ka ọ̀rọ̀ náà ti pèsè sílẹ̀. Kò wọn ohun tó ń bọ̀, ó kàn ń dà á lọ. Oríkì mi kún àkúnya, ó ṣàn wọ yàrá aládùúgbò nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ó tẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ mọ́lẹ̀. Gbì!

Mo dákẹ́. Èmi, tí mo ń sọ̀rọ̀ lójú oorun!

Nígbà tí ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́, mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe sọ́fútíwíà náà. Wọ́n ní ihò gidi ni. Olè lè fi fọ́tò kan ṣoṣo gba ibẹ̀ wọlé, kó gba gbogbo kọ̀ǹpútà mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ti dí i. Wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ojú tì mí ju ká ní wọ́n bú mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n Wáyà, ẹ foríjì mí.

Ẹ gbọ́ o, ó ń pariwo: "Ìwọ ọmọ yìí!" Ẹ pariwo dáadáa, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀tọ́ yín ni. Ọ̀gá, ẹ má wo àjà. Sọ́fútíwíà tuntun rèé lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni màá fi sí i. Ọwọ́ tí ẹ lé kúrò lórí kọ̀ǹpútà ni kó fi í sí i, lójú gbogbo wa.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká jẹ ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀. Kí oníbàárà máa ya wọlé, kí àyè má sì há mọ́ wa.

Ẹ wò ó, Ọ̀gá ti fa àga kọ̀ǹpútà jáde! Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ jókòó. Gbogbo yín tí ẹ ò jù mí ní bàtà, ẹ ṣé gan-an o.