Mo Kí Ọ̀gá Yugosláfíà Kú Iṣẹ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, mò ń gbàdúrà fún àbúrò mi, Alága Káńsù, tó ní kí wọ́n ti Tísà Àjàní mọ́lé torí pé ó bá a wí ní gbangba. Orí ìkúnlẹ̀ ni oorun ti gbé mi lọ.

Ẹnìkan tí ojú rẹ̀ ń tàn fà mí dìde. A kọ́kọ́ gba ibi tútù kan kọjá, àwọn ènìyàn jókòó, ara tù wọ́n. Ó ní, “Àwọn tó tìtorí òótọ́ ṣẹ̀wọ̀n nìyẹn.”

Lẹ́yìn náà la dé erékùṣù kan láàrin iná. Yéè! Ọkùnrin kan nínú aṣọ ọ̀gágun gbé òkúta, ó gbé e gun òkè, wọ́n ní kó gbé e padà, ó gbé e padà, wọ́n tún ní kó gbé e lọ, awọ ọwọ́ rẹ̀ ń bó, ó ń ké! Mo wojú rẹ̀ dáadáa. Ọ̀gá tó ṣèjọba Yugosláfíà láyé àwọn kọ́múníìsì ni! Àwòrán rẹ̀ ni àbúrò mi gbé kọ́ pálọ̀ láti ìgbà tó ti kàwé lọ́hùn-ún dé.

Ẹ wo ẹnu Yorùbá! Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

Amọ̀nà mi jágbe mọ́ mi: “Pa ẹnu mọ́! Ta ló ní iṣẹ́ ni? Ayé ló ti ṣiṣẹ́. Èrè ló ń gbà níbí.”

Mo ní, “Ṣebí ó kọ́ ilé ìwé, ó sì so àwọn ẹ̀yà pọ̀?”

“Ó ṣe é. Ṣùgbọ́n erékùṣù òkúta ló ń kó ẹni tó bá ta kò ó lọ, òun ń jayé nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó ń pe gbogbo wọn ní ẹlẹgbẹ́, ta ló tó bá a jiyàn? Ìbẹ̀rù ló fi di àwọn ẹ̀yà náà pọ̀. Nígbà tó kú, ìdì tú, wọ́n dojú ìjà kọ ara wọn.”

Ọkùnrin náà bá yíjú sí mi. “Ìyá, ẹ̀gbọ́n ọmọ tó gbé àwòrán mi kọ́ ògiri ni ọ́, àbí? Jọ̀ọ́, sọ fún un kó má wá síbí. Ó ti ń bọ̀ lọ́nà!”

Igbe ni mo fi jí.

Alága, àbúrò mi, ìwọ rèé níwájú, o ń wolẹ̀. Ọmú kan náà la mu, mi ò fẹ́ dé ọ̀run kí n máa wá ọ. Ìyàwó Tísà ló jókòó lẹ́yìn rẹ yẹn. Dìde, lọ tú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. A ò ní ṣe oore-ọ̀fẹ́ títí ìwọ àti Tísà á fi jọ wọlé.