Táyà Tí Mo Fá Ọjọ́ Orí Rẹ̀ Dànù

"Gbé e sílẹ̀! Mo ní kí o gbé pọ́ńpù yẹn sílẹ̀, apànìyàn! Ọkọ mi wà nínú ilẹ̀, ìwọ tún ń fi ọwọ́ kan náà fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ọmọ ẹlòmíràn!"

Opó Bàbá Jẹ́jẹ́ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án gangan, ìborùn rẹ̀ ti já sílẹ̀, kò sì mọ̀. Ẹni tó ń bá wí ni àbúrò ọkọ mi olóògbé, tó máa ń tún táyà ṣe lẹ́nu ọ̀nà mi tẹ́lẹ̀. N kì í pe orúkọ rẹ̀, torí ó ti wà nínú ilé kí n tó wọlé ọkọ. Dúdúyẹmí ni mo ń pè é, nítorí ó dúdú kóró bíi táyà tó ń tún ṣe. Ó ti pẹ́ tí kò fọwọ́ kan pọ́ńpù mọ́. Ilẹ̀ ló ń gbá, ẹrù ló ń gbé. Lọ́jọ́ náà ni obìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn bẹ̀ ẹ́ títí pé táyà òun ti rọ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nítòsí. Ó ṣíjú wò mí, mo mi orí sí i pé kó ṣe é. Bí ó ṣe gbé pọ́ńpù ni opó ń kọjá lọ.

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Òótọ́ tí mo gbé mì ti di egungun ẹja sí mi lọ́nà ọ̀fun. Bí kò bá jáde, èmi ni yóò pa. Kì í ṣe pé mo bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè mi wò ládùúgbò: mo ti bá ọlọ́pàá fà á, mo ti bá onílé fà á, mo ti lé agbowó-orí títí dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Èmi tí n kò jókòó ní ilé-ìwé rí, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ táyà ni mo fi kọ́ ìwé kíkà, ta ni màá bẹ̀rù? Òkú ọkùnrin kan tó máa ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ nìkan ni mo bẹ̀rù láyé yìí.

Ẹni tí kò bá mọ táyà, eyín tí táyà fi ń di ilẹ̀ mú ló máa ń wò. Bí eyín bá ti ga, ó parí, tuntun nìyẹn. Ṣùgbọ́n táyà ní ọjọ́ ìbí bí ènìyàn. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ńbà tíntìntín tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Táyà tí kò tíì tẹ ilẹ̀ rí lè ti darúgbó sínú ilé ìkẹ́rùsí. Ooru á ti mú un gbẹ, yóò máa dán lójú, inú rẹ̀ á sì ti máa rún bíi búrẹ́dì ọjọ́ pípẹ́. Irú wọn ni mo máa ń lọ kó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ dà wọ́n nù. Màá fi abẹ fá ọjọ́ ìbí wọn, màá fi sáńpépà ra ojú ibẹ̀, màá fi pólíìṣì bàtà pa á. Táyà ìyá àgbà á di ọmọge. Àwọn tí ọkọ̀ wọn ti gbó, tí owó wọn kò sì tó nǹkan, àwọn gan-an ni mo ń tà á fún. Ẹ ò rí i bí ìkà mi ti pọ̀ tó? Ẹni tí kò ní ni mo ń yàn.

Bàbá Jẹ́jẹ́ jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ àdúgbò ní ewúrẹ́ kan ti yà á sílẹ̀ lójú títì rí, tó tún wẹ̀yìn wò ó pé ṣé kò sí nǹkan. Ọkọ̀ rẹ̀ dàgbà ju àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ. Okùn ló fi ń de ilẹ̀kùn kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lọ́nà jíjìn, ó sì fẹ́ lọ gbé ọmọ-ọmọ jó.

"Ìyá, owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe owó," ló wí. "Tuntun ni mo fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣe é bí ẹni tó ń tajà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

"Bàbá, tuntun pọ́ńbélé nìyí. Ẹ wo eyín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ táyà náà yí ká. "Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ta ni?"

"Táyà yìí."

"Háà, Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ fi ṣaya ni, tí ẹ fi ń béèrè ọjọ́ orí?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi bo ìbéèrè rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì sanwó. Dúdúyẹmí ti lọ bu omi. Èmi àti bàbá nìkan la jọ sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí ó dé, ó de àwọn táyà náà mọ́ ọkọ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, ó fi géèjì alábẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, bí ìṣe rẹ̀.

Lórí afárá ni táyà iwájú ti bẹ́. Wọ́n ní ọkọ̀ náà kò tiẹ̀ sáré jábọ́; ó rọra yí wọ inú odò ni, ti òun ti bàbá.

Ariwo sọ. Ẹni tí kì í sáré, tó ra táyà tuntun, báwo ni táyà ṣe bẹ́ lábẹ́ rẹ̀? Ẹnìkan ní, "Ta ló fẹ́ atẹ́gùn sí i?" Gbogbo ojú yí sí Dúdúyẹmí. Mo ní, "Èmi ń ta táyà ni o, n kì í fẹ́ atẹ́gùn." Àwọn àgbà àdúgbò ní àwọn ń bọ̀ wá yẹ géèjì rẹ̀ wò.

Dúdúyẹmí wà nílé òkú, ó ń bá wọn gbẹ́ sàréè, nígbà tí mo mú géèjì rẹ̀ kúrò lórí ìṣó. Mo gbá a mọ́ etí wíìlì, mo wò ó. Mo tún gbá a, mo tún wò ó, títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ fi kọ́ irọ́ pípa. Mo nù ún nù, mo gbé e kọ́ padà sórí ìṣó. Nígbà tí àwọn àgbà dé, wọ́n gbé géèjì fọkanáísà mìíràn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń tún táyà ṣe, lé táyà kan, ó ní atẹ́gùn ti kún àkúnjù; wọ́n gbé tirẹ̀ lé e, ó ní kò tíì tó. Dúdúyẹmí wo abẹ́rẹ́ náà pẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọwọ́ mi ni," ló ń wí. "Ẹ̀yin ènìyàn, ọwọ́ mi ni." Mo sì dúró tì í. Mo tiẹ̀ sunkún.

Láti ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀bù mi ti ń mí. Táyà tí a kò tíì fi sára wíìlì kò ní atẹ́gùn nínú. Kí ni yóò jò níbẹ̀? Síbẹ̀, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, màá gbọ́ ọ láàrin àwọn tí mo tò jọ: ṣììì. Bí mo bá sún mọ́ ọn, á dákẹ́. Bí mo bá kọ ẹ̀yìn sí i, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á gbà á. Géèjì náà wà lórí ìṣó, kò so mọ́ nǹkan kan, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín tó ń gun ògiri. Mo dẹ́kun fífi abẹ fá táyà. Mo di ìránṣẹ́ opó: mò ń pọn omi fún un, mò ń fọ aṣọ rẹ̀, mò ń bá a jókòó nígbà tí ẹbí ọkọ rẹ̀ ti tú ká. Síbẹ̀, ara kò dẹ̀ mí. Lọ́jọ́ kan, Dúdúyẹmí gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó ní:

"Ìyàwó wa, Bàbá Jẹ́jẹ́ yà níbí lánàá. Ó kí yín."

Mo kọjú sí àwọn táyà, mo ń tún wọn tò.

"Ó ní kí n bi yín, ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Kí... kí ni ọmọ ọdún mélòó?"

"Èmi ò mọ̀ o. Ó ní ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ó ní ẹ pa òun lẹ́rìn-ín ni, ẹ ò dá òun lóhùn." Ó sì tún mú ìgbálẹ̀, ó ń gbálẹ̀ lọ, bí ẹni tó jíṣẹ́ aládùúgbò.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà, bí oníbàárà bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ dá a lóhùn nígbà tó ṣì wà láyé.

Báyìí ni ọjọ́ tí opó ń pariwo ṣe bá mi. Ó ní Dúdúyẹmí gbọ́dọ̀ kó kúrò ládùúgbò lọ́jọ́ náà gan-an, kó má fọwọ́ kan táyà mọ́ títí ayé. Èrò ti pé. Dúdúyẹmí kò jiyàn. Ó ti wọlé, ó ti gbé àpò rẹ̀ jáde. Nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn mi, gbogbo táyà ń mí papọ̀. Mo sáré jáde, mo kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Èmi ni! Táyà arúgbó ni mo tà fún ọkọ yín. Èmi ni mo fá ọjọ́ ìbí rẹ̀. Èmi ni mo ba géèjì jẹ́. Dúdúyẹmí kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀!"

Opó wò mí, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó di apá mi mú.

"Dìde, ìyá rere. Ta ló ń pọn omi fún mi nígbà tí n kò lè dìde? Ta ló jókòó tì mí? Apànìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ìdí tí mo fi ń ṣe é gan-an nìyẹn!" Mo yọ abẹ níbi ìró mi, mo nà á sókè. "Abẹ tí mo fi fá a nìyí!"

Ẹnìkan nínú èrò ní, "Ta ni kò ní abẹ nílé?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Mo wọ́ tọ Dúdúyẹmí lọ, mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ sọ fún wọn! Géèjì yín kò purọ́ rí kí n tó fọwọ́ kàn án!"

"Ìyàwó wa, ó tó." Ohùn rẹ̀ tutù. "Ẹ ti ṣàánú mi tó. Ẹ má fi orí yín ru ẹrù mi. Gbogbo wa la rí abẹ́rẹ́ náà."

Opó yíjú sí i. "O rí ayé ẹ? Obìnrin gidi ń pa irọ́ ìpànìyàn mọ́ ara rẹ̀ nítorí rẹ, ìwọ dúró, ò ń wò ó! Ojú kò tì ọ́?"

"Ojú ń tì mí, mà."

Ó gbé àpò sílẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó ga ju opó lọ púpọ̀, nítorí náà ó tẹ orí ba kí ọwọ́ opó lè tó o, obìnrin náà sì gbá a létí.