Èmi Ni Mo Da Sódà Sínú Abọ́ Ìbítáyọ̀

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin obìnrin Òkìtìpupa. Ẹ má wo ikùn mi tó wú yìí, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, nítorí kì í ṣe ẹkún ni mo pè yín wá sun. Dókítà ti sọ tirẹ̀, mo ti gbọ́, mo sì ti gbà. Ó kù kí èmi náà sọ tèmi. Ọkọ mi wà nínú yàrá lẹ́yìn yín yẹn, ó ń gbọ́ mi. Láti àná ló ti ń bẹ̀ mí pé, "Ìyá Benedict, fi ọ̀rọ̀ yìí sínú. Alàgbà ìjọ ni mo jẹ́. Orúkọ wa lo fẹ́ wọ́ nílẹ̀." Mo ní kó má bínú. Orúkọ tó jẹ́ pé irọ́ ló gbé e ró, ẹ jẹ́ kó wó.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé lọ́dún 1965, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Morìnsọ́lá tíṣà ṣègbéyàwó, irun orí rẹ̀ re dànù, awọ orí rẹ̀ sì bó. Gbogbo yín lẹ sọ pé Ìbítáyọ̀ ará Ìlàjẹ ló ṣe é. Ìbítáyọ̀ kọ́. Èmi Àìná ni. Morìnsọ́lá, mo rí ọ níbi tí o jókòó sí. Má tíì dìde. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà kí o ṣe mí bó bá ṣe wù ọ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fi òòyà irin na irun ní ìlú yìí. Èbúté Mẹ́ta ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà. Mo gbé sítóòfù ka iwájú ṣọ́ọ̀bù, òòyà irin ń pọ́n lórí iná, irun tó ti dì pọ̀ a sì nà gbọọrọ bíi ti àwọn obìnrin inú ìwé ìròyìn. Nígbà tí òòyà nìkan kò tẹ́ àwọn oníbàárà lọ́rùn mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí po ìpara fúnra mi: sódà táwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò, iṣu sísè tí mo gún kúnná, àti lọ́fínńdà kó lè bo òórùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìpara yẹn a mú irun dán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, irun ti ń já lẹ́bàá etí àti ní ìpàkọ́. Bí wọ́n bá wá fẹjọ́ sùn mí, màá ní, "Irun tìrẹ ni kò lágbára." Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi tí mo tiná bọ oko ni mò ń bi èéfín léèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Nígbà náà ni Ìbítáyọ̀ gòkè dé láti etí òkun. Opó ni, omi ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ níbi iṣẹ́ ẹja. Ó gba ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ tèmi, ó ń ta òróró àgbọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú irun tí iná àti sódà ti bàjẹ́. Irun tí èmi bàjẹ́ ni mò ń wí. Mo máa ń wò ó láti ojú fèrèsé mi. Kì í kánjú. Yóò kọ́kọ́ gba ẹyọ irun kan, yóò rẹ ẹ́ sínú omi, yóò sì fà á wò láàárín ìka méjì. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń ṣàlàyé: "Bó bá já pẹ́kẹ́ bíi koríko ẹ̀ẹ̀rùn, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Omi àti òróró ló ń fẹ́. Àmọ́ bó bá ń nà tí kò padà, tó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, a jẹ́ pé egungun inú rẹ̀ ló ti yọ́. Ẹyin la ó fi gbé e ró. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni o. Bí ẹyin bá pọ̀ jù, irun a gan, a sì tún máa já." Yóò gé ṣóńṣó irun tó ti kú dànù, yóò sì kìlọ̀ pé òòyà irin kò gbọ́dọ̀ kan orí náà fún oṣù mẹ́fà. Ohunkóhun tó bá fẹ́ fi sórí ẹlòmíì, ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ fi í sí, yóò sì dúró wò ó.

Morìnsọ́lá, irun tìrẹ ni ìpara mi bàjẹ́ jù. Ambrose ará Ìjù-Odò ti wá tọrọ rẹ, ẹ ti dájọ́, o sì ń fi ìborùn bo orí lọ sí kíláàsì. O kúrò lọ́dọ̀ mi láìdágbére, o ré títì kọjá sọ́dọ̀ Ìbítáyọ̀. Oṣù márùn-ún ló fi tọ́jú rẹ. Ní ọjọ́ ọjà kan, o gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá láìborí, irun náà dúdú mìnìjọ̀. Àrìnkẹ́ tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi wò ọ́, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Benedict, ẹ̀yin ń pa irun, Ìbítáyọ̀ ń jí i dìde." Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láàárín ẹ̀rín yẹn ni mo ti pinnu ohun tí màá ṣe.

Ẹ má sọ fún mi pé èṣù ló tì mí. Katikíìsì ti sọ ọ́ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì bi í pé ṣé ó wà níbẹ̀ ni? Èṣù kò sí ní ṣọ́ọ̀bù Ìbítáyọ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn. Àwa obìnrin mẹ́ta la wà níbẹ̀. Ilé ni mo ti po sódà mọ́ omi, ilé ni mo ti rọ ọ́ sínú ìgò kékeré, tí mo fi ìgbànú dì í mọ́ ìbàdí. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Láti ilé.

Mo wọlé, mo kí wọn. Ìbítáyọ̀ dìde fún mi, ó kúnlẹ̀, ó fi àpótí tó dáa jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún mi jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá kí wa. Ìtọ́jú ìkẹyìn rèé kí ìyàwó wa tó lọ ilé ọkọ." Ó po ẹyin mọ́ òróró àgbọn nínú abọ́ tánganran, ó fi díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́, ó dúró, ó nù ún kúrò, ó ní, "Ó dáa." Lẹ́yìn náà ló lọ sẹ́yìnkùlé lọ gbé omi gbígbóná tó fẹ́ ki táwẹ́lì bọ̀. Morìnsọ́lá, o gbórí sẹ́yìn, o fi aṣọ bojú, ò ń sọ fún mi bí wọ́n ṣe rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ. Mo ń dá ọ lóhùn. Ẹnu mi ń sọ pé, "Aṣọ náà á yẹ ọ́," ọwọ́ mi ń da ìgò náà sínú abọ́. Mo tún fi ṣíbí rò ó kó lè pọ̀ mọ́ra.

Ìbítáyọ̀ padà wọlé, ó fi í sí ọ lórí, ó fi táwẹ́lì gbígbóná wé e. Kò pẹ́, o ní, "Àǹtí, ó ń ta mí." Ó ní, "Ooru táwẹ́lì ni, ọmọ mi, ṣe sùúrù." Lẹ́yìn náà lo figbe ta. Nígbà tó máa fi já táwẹ́lì kúrò, irun oṣù márùn-ún ti bá a wá. Ó ń da omi sí ọ lórí, ó ń pe Jésù, ọwọ́ òun náà sì ti ń bó. Èmi ni mo sáré bọ́ síta, èmi ni mo pariwo pé, "Ẹ gbà wá o! Ará Ìlàjẹ ti pa ọmọ ọlọ́mọ!"

Ẹ̀yin lẹ wá. Mo rí yín. Ẹ fọ́ ìgò òróró rẹ̀ sí títì, ẹ pè é ní àjẹ́ etí odò. Àwọn ará ilé Ambrose ní kó kúrò nílùú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe sódà ni mo kà sí èyí tó burú jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Ní ọjọ́ Sátidé, Ìbítáyọ̀ wá bá mi nílé, ó fi aṣọ di ọwọ́ méjèèjì. Kò wá fẹ̀sùn kàn mí. Kò tilẹ̀ rò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀, iṣẹ́ yìí sì yé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Níbo ni mo ti ṣì í?" Ó dúró, ó ń wo ẹnu mi bíi ọmọ ilé-ìwé. Mo ní, "Ẹyin rẹ ti bàjẹ́. O ò fara balẹ̀." Ó mirí, ó ní, "Mo dúpẹ́ tẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún mi." Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ.

Èmi wá gba ọgbọ́n rẹ̀. Mo gbé òòyà irin tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí fa ẹyọ irun wò láàárín ìka méjì, mo ń po ẹyin, mo ń se òróró àgbọn. Ọdún méje lẹ fi ń yìn mí pé ọwọ́ mi ń tu irun lára. Ọwọ́ Ìbítáyọ̀ lẹ̀ ń yìn. Ìwọ Morìnsọ́lá, èmi ni mo fi àdín pa ojú egbò rẹ títí ó fi jinná, o sì fi gèlè bo orí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ. Ibì kan lókè etí òsì kò hù títí dòní. Ọdọọdún lo ń gbé iṣu wá fún mi, tí o ń sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ gbà mí lọ́wọ́ obìnrin yẹn." Mo ń jẹ iṣu náà. Kò há mi lọ́fun rí.

Kì í ṣe àìsàn ló mú mi sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ àìsàn nìkan ni, ǹ bá gbé e lọ sí sàréè. Ní oṣù tó kọjá, Mojọlá, àbúrò Ìbítáyọ̀, gbé edé wá tà. Mo bi í léèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ó ní, "Ó wà láyé. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni mọ́. Orí ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ pàápàá, aládùúgbò ló ń bá a dì í. Ó ní ọwọ́ òun ń pani." Mo gbé edé wọlé, mi ò lè sè é. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ jù lọ nílẹ̀ yìí, èmi ni mo sọ fún un pé ó ń pani, ó sì gbà mí gbọ́.

Morìnsọ́lá, o ti dìde. O ti tú gèlè rẹ. Mo ń wo ibi tí irun kò hù náà, mi ò ní gbójú kúrò. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Bí o kò bá sì lè dárí jì mí, mi ò ní pè ọ́ ní ìkà.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ irun, ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Irun tí ẹ bàjẹ́, ẹ gbà pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ẹyin àti òróró a tún un ṣe. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù yín lọ, ẹ lọ jókòó tì í kẹ́ ẹ kọ́ ọ. Ǹ bá ṣe bẹ́ẹ̀. Títì kan péré ló wà láàárín wa.

Láàárọ̀ ọ̀la, mo ń lọ sí etí odò, mo ń wọ ọkọ̀ lọ bá Ìbítáyọ̀. Lójú àwọn èèyàn rẹ̀ ni màá ti sọ ọ́, kó lè mọ̀ pé òun kò ṣi nǹkan kan. Bàbá Benedict, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, pé bí mo bá lọ, kí n má padà wá sínú ilé yín. Mo ti di ẹrù mi. Ẹ̀yin tó kù ńkọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọ́ ìgò rẹ̀? Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ẹ wá ọkọ̀ tiyín wọ̀ lọ bá a.