Iṣu Márùn-ún Nínú Ìrù Bàálù

Alága wa, Alhaji Jibril. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó níwájú. Ẹ̀yin àlejò tẹ́ ẹ ti ìlú Awo wá. Àwáwù ìyàwó mi, tó ní kí n má sọ̀rọ̀ jù: mo kí yín o. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn débi pé bí ẹ bá ní kí n jó, n ó jó, àfi tí orúnkún bá kọ̀!

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi tú nọ́ọ̀tì, tí mo fi dè é, nílé iṣẹ́ yìí, kí n tó fẹ̀yìntì lónìí. Nínú gbogbo rẹ̀, èwo ló tó bàálù wa? Bàálù kékeré oníjòókòó méjì, tí àwọn ọmọ ogun òfurufú fẹ́ máa fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ní fífò. Ẹnjiníà Bọ́lánlé ló ya àwòrán rẹ̀, àwa la kàn án. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ́kọ́ dún, àwọn ọlọ́kadà dúró lójú títì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́!

Ọjọ́ ìdánwò dé. Ọ̀gá ológun gbé e gòkè, ìrù ń fà á wálẹ̀, agbára káká ló fi bà. Ó ní, “Ìrù yìí wúwo jù, a ò lè gbà á.” Bí wọn ò ṣe kan ìkejì nìyẹn. Ọdún kan gbáko ni Ẹnjiníà fi ń tún ìṣirò ṣe, kò rí àṣìṣe kankan.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi Sàídì ni mo fà á! Nílé wa, àlejò kì í lọ lọ́wọ́ òfìfo. Mo ra iṣu ńláńlá márùn-ún lọ́jà Sẹ́kọnà, mo dì wọ́n sínú ìrù bàálù láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, kí ọ̀gá ológun lè bá wọn níbẹ̀ tó bá fi bàálù délé. Mo ní, kí ni iṣu fẹ́ fi bàálù ṣe? Nígbà tí wọ́n wọlé ìpàdé, mo kó wọn jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwáwù gún un níyán. Ẹnjiníà, ẹ̀yin gan-an bù ú lẹ́ẹ̀mejì!

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi ló pa mí lẹ́nu mọ́, Ẹnjiníà, ẹ̀yin lẹ sì ru ẹ̀bi mi fún ọdún méjìlá. Ó dùn mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí.

Láàárọ̀ yìí, mo kọ̀wé sí àwọn ológun, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n wá tún gbé e gòkè, òfìfo ni ìrù rẹ̀ wà báyìí.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín já sófo. Ẹ ò ní ru ẹ̀bi ẹlẹ́bi mọ́. Ẹnjiníà Bọ́lánlé, ìṣirò yín pé. Ẹ ṣé o.